Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ yàrá ìkàwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ má ta ìwé àwòrán wọ̀nyẹn ní kìlò

Sí Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó yàrá ìkàwé àdúgbò wa.

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó.

Ìpinnu tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé ló fa lẹ́tà yìí. A kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ohun ìlú lẹ fẹ́ tà. Páálí ìwé àwòrán márùn-ún ló wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n kó páálí kan, tó jẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ wa fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, sínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí àlejò lè rí i nígbà Ojúde Ọba. Páálí mẹ́rin yòókù jẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún àwa ará ilé láti 1967 títí wọ àwọn ọdún 1990. Ìwọ̀nyí lẹ pè ní ìwé ìṣekúṣe tó ti gbó, tí ẹ ní kí wọ́n tà ní kìlò fún àwọn tó ń ra bébà àlòkù. A mọ ibi tí bébà àlòkù ń lọ: ọwọ́ alákàrà àti ẹlẹ́pà.

Pé ẹ fẹ́ dáàbò bo ọmọdé, ohun rere ni, a ò bá yín jà sí i. Àmọ́ èyí tó kún ayé lẹ fẹ́ tọ́jú, èyí tó ṣeé ṣe kó má sí níbòmíràn mọ́ lẹ fẹ́ tà. Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú páálí mẹ́rin náà, nítorí orúkọ kan ṣoṣo tí ẹ fi pe gbogbo wọn kò bá wọn mu.

Atọ́ka ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí West African Book Publishers bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Èkó ní 1967. Fọ́tò ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò á ṣe eré wọn níwájú kámẹ́rà, wọ́n á to fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu oníkálukú sí i lára ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú eré tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé kiri ìlú nígbà náà ni kò di fíìmù títí tí àwọn tó ń ṣe é fi kú. Bí wọ́n ṣe ń wé gèlè lórí ìtàgé, bí baálé ṣe ń jókòó sáàárín ìyàwó méjì, bí babaláwo inú eré ṣe ń na ìrùkẹ̀rẹ̀ síta, fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí tó kù. Ẹni tó bá tún fẹ́ mọ bí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ṣe wọ inú ìwé tí ará ọjà ń kà, kò sí ibi tó dára tó kó to ìwé tó ṣáájú ọdún náà àti èyí tó tẹ̀ lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èwo ni ìṣekúṣe nínú ìyẹn?

African Film wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìwé Drum Publications tí Lance Spearman jẹ́ akọni rẹ̀. Fọ́tò lòun náà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aláwọ̀ dúdú ni akọni yẹn, ó múra dáadáa, kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, bí aláwọ̀ dúdú bá wà nínú ìwé àwòrán tó ń wọlé láti òkè òkun, ìránṣẹ́ ni tàbí ará igbó. South Africa ni Drum ti ṣẹ̀ wá, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà lórí oyè níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń kà á lónìí wò ó bóyá akọni yẹn lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípa ìjọba náà, tàbí kò ní. Kò sẹ́ni tó lè wò ó nínú ìwé tí wọ́n ti fi di ẹ̀pà.

Powerman ló tẹ̀ lé e. 1975 ló bẹ̀rẹ̀, ìlú Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe é, Nàìjíríà ni wọ́n ń tà á fún. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ wọ́n ló ń yà á, Dave Gibbons àti Brian Bolland. Gibbons ló wá ya Watchmen ní 1986 sí 1987, Bolland ló ya The Killing Joke ní 1988, ìwé méjì tí àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì kárí ayé mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹ wo inú Powerman dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà lára fírémù kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ rò pé òǹkàwé Nàìjíríà ò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kà. Àbùkù ńlá ni, ẹ̀rí ńlá sì ni pẹ̀lú: ojú tí wọ́n fi ń wò wá wà níbẹ̀ ní dúdú àti funfun. Ní 1988 tí wọ́n tún ìtàn náà tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yí orúkọ akọni náà padà, nítorí Marvel, ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà, ti ní Power Man tiwọn. Èyí tó wà nínú páálí yín ni ti àkọ́kọ́.

Ìyókù jẹ́ Ikebe Super, àtàwọn ìwé kéékèèké tó ń sáré tẹ̀ lé e. Lórí ìyẹn la ti fẹ́ bá yín sọ òótọ́.

2. Ẹ̀sùn yín ní òótọ́ nínú, a ò sì ní fọwọ́ bò ó. Wale Adenuga gbé Ikebe Super jáde ní 1976. Láti orí àkọlé títí wọ inú, ìdí obìnrin ni wọ́n fi ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó tó ń lé ọmọge, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá ń dọdẹ rẹ̀, ìyàwó ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju igbe àti ìjà lọ. Àwọn ìyá wa tí inú wọn kò dùn sí i nígbà náà kò ṣìwà hù. A ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwàdà lásán ni, ká gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Inú ìwé yìí kan náà ni ẹ ó ti rí onílé àti ayálégbé nígbà tí owó epo rọ̀bì gòkè, òṣèlú ìgbà ìjọba alágbádá 1979 sí 1983, àti bí gbogbo nǹkan ṣe le lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 tí wọ́n pè ní SAP. Ẹ to èèpo ẹ̀yìn ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọọdún kí ẹ ka iye owó tó wà lára rẹ̀, ẹ ó rí bí náírà ṣe ń ṣubú láìjẹ́ pé ẹ ṣí ìwé ọrọ̀ ajé kankan. Papa Ajasco, Boy Alinco àti Miss Pepeye tí àwọn ọmọ wa wá ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìparí àwọn ọdún 1990, inú ìwé yẹn ni wọ́n ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n wí lónìí nítorí ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ fẹ́ ta ẹ̀rí náà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣe irú ìpinnu yìí ṣáájú yín. Ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n kó kọ́míìkì jọ ní 1948, wọ́n dáná sun ún. Ní 1954, Fredric Wertham, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, tẹ ìwé kan jáde pé kọ́míìkì ń sọ ọmọdé di ọ̀daràn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Kí ọdún tó parí, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì fúnra wọn ti dá Comics Code Authority sílẹ̀ láti máa yẹ ìwé wò kó tó jáde, EC Comics tí William Gaines ń darí sì ti pa àwọn ìwé ẹ̀rù rẹ̀ tì.

Ọdún méjì kọjá. Ní 1956, EC fẹ́ tún ìtàn kan tẹ̀ tó ti jáde ní 1953. Nínú ìtàn náà, ẹnì kan lọ bẹ pílánẹ́ẹ̀tì kan wò tí àwọn ará ibẹ̀ ń ya ara wọn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀, ó ní wọn ò tíì yẹ ní ẹni tí aráyé yóò gbà mọ́ra. Nígbà tó ṣí akoto rẹ̀ ní fírémù ìkẹyìn, aláwọ̀ dúdú ni. Ọ̀gá àjọ tó ń yẹ ìwé wò ní òun ò fẹ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Gaines kọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Àwọn tó ní ọmọdé làwọn ń dáàbò bò, ojú ọkùnrin dúdú ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́.

Wertham kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó ní ilé ìtọ́jú ní Harlem, ní New York, tó ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú tí ilé ìwòsàn mìíràn kò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ṣí àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún olùwádìí ní 2010, Carol Tilley lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2012 ó fi hàn pé Wertham yí ọjọ́ orí ọmọ padà, ó da ọ̀rọ̀ ọmọ púpọ̀ pọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ló sọ ọ́, ó sì yọ ohun tí kò gbè é kúrò. Àjọ tí ìwé rẹ̀ bí, kò tán nílẹ̀ títí di 2011. Ká ní kò sẹ́ni tó tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ká ní kò sẹ́ni tó tọ́jú àwọn kọ́míìkì tó ń bá wí, ẹ̀sùn rẹ̀ nìkan ni ì bá kù nílẹ̀.

4. Tí Amẹ́ríkà bá jìnnà sí yín, Òṣóòsà kò jìnnà. Ọmọ Òṣóòsà ni Hubert Ògúndé. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú, ó di 1966 tí ológun gbàjọba kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn tó fòfin dè é gbà pé ó ń da ìlú rú. Lónìí, ẹ̀yin gan-an lẹ ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn fún àlejò.

5. Ní ti páálí kan tí ẹ fẹ́ kó sínú gíláàsì. Ohun tó ń dán ló mú yín rò pé owó ni. Ní 1991, Marvel tẹ X-Men nọ́ńbà 1 pẹ̀lú èèpo ẹ̀yìn oríṣi márùn-ún, ẹ̀dà tí wọ́n kó fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Superman nọ́ńbà 75, tí wọ́n ti pa á, jáde ní oṣù kọkànlá 1992 nínú náílọ́nù dúdú, àwọn ènìyàn sì ń ra márùn-ún, ra mẹ́wàá láì ṣí i, pé yóò di owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọmọ àwọn. Gbogbo wọn ló tọ́jú u, nítorí náà kò wọ́n. Ọjà náà wó, ṣọ́ọ̀bù pípọ̀ kógbá sílé, Marvel fúnra rẹ̀ sì wọ ilé ẹjọ́ pé òun ti jẹ gbèsè ní oṣù kejìlá 1996. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo Action Comics nọ́ńbà 1 ti 1938 tí wọ́n ń fi mílíọ̀nù dọ́là rà. Ìdí tó fi wọ́n ni pé àwọn ọmọdé ya á, àwọn ìyá dà á nù, nígbà ogun àgbáyé kejì wọ́n sì ń kó bébà àlòkù jọ fún ìjọba, ó bá a lọ. Ohun tí ẹ fẹ́ fi páálí mẹ́rin yín ṣe gan-an nìyẹn.

Nínú páálí òkè òkun náà, àwọn ìwé Milestone ti 1993, Static àti Icon, ló yẹ kí ẹ gbé sórí àga kí ọmọ ìwé kà. Aláwọ̀ dúdú ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, Dwayne McDuffie àti Denys Cowan wà lára wọn. Ẹ má tì wọ́n mọ́ inú gíláàsì. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pàápàá yóò bà wọ́n jẹ́: oòrùn á ṣá àwọ̀ pupa àti ofeefee láàárín oṣù díẹ̀. Bébà dídán tí wọ́n fi tẹ kọ́míìkì ìgbà yẹn tún ní ewu mìíràn. Tí omi bá kàn án tó sì gbẹ, ojú ewé á lẹ̀ mọ́ra bíi bíríkì, kò sí bí a ṣe lè là á tí kò ní ya.

6. Ẹ ní ìwé náà ti gbó, kò ṣeé tọ́jú. Ó ṣeé tọ́jú. Kò gba owó ńlá, ìmọ̀ ló gbà, a ó sì kọ ọ́ síbí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé kò sẹ́ni tó wí.

Ohun tó ń sọ bébà náà di pupa tó sì ń fọ́ bí ewé gbígbẹ ni pé igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe bébà ìwé ìròyìn, wọn ò yọ lígínì inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó so okùn igi pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ á sọ lígínì di ásíìdì, ásíìdì á máa gé okùn bébà láti inú. Kò sẹ́ni tó lè dá a padà, a lè mú kó falẹ̀ ni. Bébà dáradára ṣọ̀wọ́n fún àwọn tó ń tẹ̀wé nígbà náà, ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Ìwòpin létí omi wa níbí kò sì fún wa ní bébà tí a retí. Ìdí nìyẹn tí èyí tó wọ́n jù nínú àwọn ìwé yín fi jẹ́ èyí tó rí wúruwùru jù.

Kòkòrò ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò sí ìwé, ó ń fi àbàwọ́n sílẹ̀, ó sì ń pa òǹkàwé lára. Káńfọ̀ náà kò dára, òórùn rẹ̀ á wọ bébà lọ, ẹni tó bá ń ṣí páálí ni yóò máa fa á símú. Fírísà ni kí ẹ lò. Ẹ di ìwé sínú náílọ́nù méjì, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pinpin. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù tó ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ọ̀sẹ̀ méjì tí fírísà kò bá tutù tó bẹ́ẹ̀. Tí iná bá lọ tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹyin kòkòrò tó bá rí ìsinmi kò ní kú. Kóòdù rúùmù ẹlẹ́ja tó ní jẹnẹrétọ̀ dára ju fírísà ilé lọ, tí náílọ́nù bá ti dè dáadáa. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí i kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Tí ẹ bá ṣí i nígbà tó ṣì tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á bọ́ sórí bébà, gbogbo iṣẹ́ á dòfo.

Èyí tó ti bu, tí funfun tàbí àwọ̀ ewé ti bo ojú rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í ṣe sínú oòrùn. Tó bá gbẹ tán, kí ẹni tó fi nǹkan bo imú fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n níta gbangba. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí.

Pín tó di àárín ìwé ti dípẹtà, ìpẹtà náà ló ń jẹ bébà yí ojú ihò ká. Ẹ má fi ohun èlò tí wọ́n fi ń fa pín ní ọ́fíìsì fà á, yóò ya á. Ẹ ṣí ìwé sí àárín gan-an, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tín-ínrín na ẹsẹ̀ pín dìde láti inú, kí ẹ fà á jáde láti ẹ̀yìn. Ẹ fi òwú rán an padà gba ihò méjì yẹn kan náà.

Ibi tó ya, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Láàárín ọdún díẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú bébà, á di àwọ̀ igi, teepu á sì bọ́ kúrò. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi àtè ṣítáàṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Kí àtè náà fúyẹ́, torí aáyán fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ má sì fi álọ́ọ̀mù sí i, torí álọ́ọ̀mù ń dá ásíìdì sílẹ̀. Laminéètì ni ẹ má tilẹ̀ gbèrò rẹ̀ rárá: iná rẹ̀ ń jó bébà, ó ń sé ásíìdì mọ́ inú, kò sì ṣeé tú láéláé.

Lẹ́yìn náà ni ibùgbé. Ìwé kọ̀ọ̀kan nínú náílọ́nù polypropylene tirẹ̀, pẹ̀lú páálí tí kò ní ásíìdì lẹ́yìn rẹ̀. Náílọ́nù ọjà tó máa ń rùn, PVC ni, ẹ yàgò fún un. Kí wọ́n dúró ní òró nínú àpótí, kí wọ́n má fún pọ̀, kí wọ́n má sì tú débi tí wọ́n á tẹ̀. Àpótí gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì jìnnà sí ògiri ní 10, kí ẹ lè rí ọ̀nà ikán kó tó débẹ̀. Ẹ ra irinṣẹ́ kékeré tó ń wọn omi inú afẹ́fẹ́; tó bá ti kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé lè bu. Ní ìlú wa, ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa ní ìgbà òjò, nítorí náà ẹ ti àpótí pa nígbà yẹn pẹ̀lú àpò sílíkà nínú rẹ̀, kí ẹ ṣí yàrá sílẹ̀ fún atẹ́gùn nígbà ọyẹ́. Yàrá ẹ̀yìn tí òrùlé rẹ̀ ń jò yẹn kò yẹ fún ohunkóhun.

Ẹ wá ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Sikánà pẹlẹbẹ, 400 dpi, aláwọ̀, kódà fún ojú ewé dúdú àti funfun, kí àwọ̀ bébà lè hàn. Ẹ fi bébà dúdú tì í lẹ́yìn kí ohun tó wà lódìkejì má bàa hàn síwájú. Ẹ má tẹ ẹ̀yìn ìwé mọ́lẹ̀ kó lè tẹ́jú, ibẹ̀ ló ti ń fọ́. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi yà á, ẹ pa ohun èlò inú rẹ̀ tó ń sọ bébà di funfun fúnra rẹ̀, torí ó ń pa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́. Ojú ewé A4 kan ní irú fáìlì àwòrán tí wọ́n ń pè ní TIFF á gba nǹkan bíi 46 MB, ìwé olójú-ewé 32 á gba nǹkan bíi 1.5 GB, nítorí náà háàdì díìsìkì 1 TB á gba ju 600 irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra méjì, kí ẹ gbé ọ̀kan sí ilé mìíràn.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 fàyè gba ilé-ìkàwé láti ṣe ẹ̀dà fún ìtọ́jú. Kò fún yín láṣẹ láti gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ín. Tí ojú ewé ọ̀rẹ́ onílẹ́tà bá sì wà nínú ìwé kan, tí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣì lè wà láàyè bá wà níbẹ̀, ẹ bò ó nínú ẹ̀dà tí ará ìlú yóò rí.

7. Bí ẹ ó ṣe yẹ ìwé náà wò lákọ̀tun. Ẹ fi káàdì kan sí ìwé kọ̀ọ̀kan: àkọlé, nọ́ńbà, oṣù àti ọdún, iye owó, orúkọ ayàwòrán, àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé, ojú ewé tó sọnù, ìpolówó ọjà tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà méjì tàbí mẹ́ta: kí ni ìwé yìí ń sọ, ta ló sì ń gún lára? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè àti ti Ìjagun lè ṣe èyí bí ẹ bá pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdájọ́ lé àwọn ọmọdé àti ọkùnrin nìkan lọ́wọ́. Ẹ pe àwọn ìyá wa ní ọjà Òkè-Àjẹ́ tí wọ́n ti dàgbà ní 1980, ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tó ṣe wọ́n nígbà náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè sọ ìyẹn fún wọn.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ Tintin ní Kóńgò, ìwé Belgium tó bẹ̀rẹ̀ ní 1930 tó sì ya àwọn ará Kóńgò bí ọ̀bọ. Ọmọ Kóńgò kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Belgium ní 2007, ilé ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ náà nù ní 2012. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni ti àwọn ilé ìtàwé Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e kúrò lórí àtẹ ọmọdé lọ sórí àtẹ àgbà ní 2007. Ìwé wà, àgbà lè kà á kó bínú sí i, ọmọdé kò ní ṣèèṣì bá a pàdé. Àtẹ tí wọ́n ń tì, ìwé ìbuwọ́lù, ọdún 18 sókè: ohun tí Ikebe Super nílò nìyẹn.

8. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ dá títà náà dúró lónìí, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá wọn ìwé lórí ìwọ̀n pé kó má bọ̀. Èyí ló ṣáájú gbogbo ohun tó kù.

Ẹ gbé páálí mẹ́rin náà kúrò lábẹ́ òrùlé tó ń jò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ẹ fagi lé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Owó tí ẹ fẹ́ fi kàn án tó ra náílọ́nù, páálí ẹ̀yìn ìwé àti háàdì díìsìkì méjì. Tí ẹ bá fẹ́ pàtẹ nǹkan fún àlejò Ojúde Ọba, ẹ tẹ ẹ̀dà èèpo ẹ̀yìn Atọ́ka àti Powerman jáde láti inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ lẹ ìyẹn mọ́ ògiri.

Kí obìnrin wà nínú àwọn tí yóò yẹ ìwé náà wò, ó kéré tán ìdajì wọn.

Kí ẹ lẹ orúkọ gbogbo ìwé tó wà nínú páálí márààrún mọ́ ibi tí ẹ lẹ ìpinnu àkọ́kọ́ mọ́. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ yọ ìkankan kúrò lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ ní ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi lọ ilé-ìkàwé yunifásítì kan. Ẹ má gbára lé e pé ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà ní ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀. Òfin 1970 pàṣẹ fún gbogbo ẹni tó ń tẹ̀wé pé kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà pé ó wà.

Àwọn kan nínú wa mọ iṣẹ́ fírísà, pín àti sikánà tí a kọ sókè yìí, a sì ṣe tán láti fi ọ̀fẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín. A ó wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀, a ó sì mú ẹrù iṣẹ́ wa lọ́wọ́.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn òǹkàwé àti olùtọ́jú ìwé àwòrán ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ṣágámù.